Slow tó ga jù nínú ọkọ̀ tọ́bò: bí a ṣe ń tọpa ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò

Ẹ́ńjìnì ti gbóná dáadáa, ọkọ̀ dúró, ẹnikẹ́ni ò tẹná, síbẹ̀ ọwọ́ géèjì wà lórí 1300 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Nígbà mìíràn á fò dé 1600, á já wálẹ̀ sí 900, á tún fò sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sinmi. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó ni ọkọ̀ ni pé tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, ti bàjẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí slow, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sáré nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tẹná, tọ́bò kì í ti afẹ́fẹ́ kankan tó láárí. Ẹni tó bá yọ ọ́ pààrọ̀ nítorí slow tó ga ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: owó ńlá á lọ, slow á sì wà níbi tó wà.

Ibi tí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò wà ló ń sọ irú ìwà tí ẹ́ńjìnì máa hù. Ihò tó wà ṣáájú throttle (ìlẹ̀kùn tó ń pinnu afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì) ní ìwà tirẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn throttle ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí, torí gbogbo àyẹ̀wò tó kù dúró lé e lórí.

Ìlẹ̀kùn kan, ìpín mẹ́ta

Ẹ pín ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà sí mẹ́ta. Ìpín kìíní bẹ̀rẹ̀ láti fílítà afẹ́fẹ́, ó dé ẹnu tọ́bò. Ìpín kejì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn tọ́bò, ó gba inú intercooler (ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) kọjá, ó sì parí sí ìlẹ̀kùn throttle. Ìpín kẹta ni manifold, láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yẹn títí dé ẹnu fáàfù ẹ́ńjìnì.

Lórí slow, ìfà díẹ̀ ló wà ní ìpín kìíní, ìpín kejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá afẹ́fẹ́ ìta dọ́gba. Ìpín kẹta ni ìfà ti le. Géèjì vacuum, èyí tó ń wọn ìfà, tí a bá so mọ́ manifold ẹ́ńjìnì tó dá ṣáṣá máa ń fi 17 sí 21 inHg hàn níbi tí ilẹ̀ kò bá ga púpọ̀ ju òkun lọ. Lórí scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, MAP (ìtẹ̀ inú manifold) á jẹ́ nǹkan bíi 30 sí 44 kPa. Nígbà tí ẹ bá tẹná tí tọ́bò gba iṣẹ́, ìpín kejì àti ìkẹta á kún fún afẹ́fẹ́ tí a tì mọ́nú wọn. Ìdí nìyẹn tí ihò ara manifold fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lórí slow, tó sì ń tú u jáde nígbà boost, ìyẹn ìgbà tí tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́.

Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù kì í sáré sí i láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ihò wọ ìpín kìíní tàbí ìkejì ṣì máa bá ìlẹ̀kùn throttle tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa níwájú. Kò lè kọjá ju ìwọ̀n tí ìlẹ̀kùn bá gbà fún un. Nítorí náà, páìpù intercooler tó yọ lè mú ọkọ̀ wúwo, ó lè mú kó yọ èéfín dúdú, ó tilẹ̀ lè mú kó kú lójijì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń gbé slow sókè. Ohun mẹ́ta ló ń gbé e sókè: afẹ́fẹ́ ń wọ manifold láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn náà tàbí fáàfù slow ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tì, tàbí brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì) mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sókè nítorí ohun tí sẹ́ńsọ̀ kan sọ fún un.

Ihò náà ò ní láti tóbi. Ẹ́ńjìnì lítà 2 máa ń mu nǹkan bíi gíráàmù 2 sí 4 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí slow. Họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 4, tó bá yọ kúrò lára manifold, lè gba nǹkan bíi gíráàmù 2 wọlé láàárín àkókò kan náà. Ihò tí orí ìka ọmọdé lè dí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ oúnjẹ ẹ́ńjìnì di ìlọ́po méjì.

Ṣé MAF ni àbí MAP?

Ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ MAF lẹ́yìn fílítà ń ka afẹ́fẹ́ tó bá gba iwájú sẹ́ńsọ̀ náà kọjá. Èyí tó bá gba ihò wọlé, kò rí i. Brain box á bu epo fún ìwọ̀n tó rí nìkan, epo á wá kéré sí afẹ́fẹ́. Nígbà boost, ọ̀rọ̀ á yí padà: ihò á da afẹ́fẹ́ tí a ti kà nù síta, epo á pọ̀ jù, èéfín dúdú á jáde.

Ọkọ̀ tó jẹ́ MAP nìkan ló ń lò yàtọ̀. Ìtẹ̀ inú manifold gan-an ló ń wọ̀n, torí náà ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i, á sì bu epo tó tó fún un. Ẹ́ńjìnì á máa sáré geere lókè láìfi àmì àìtó epo hàn. Ẹni tó bá ń retí kóòdù P0171 (àmì pé epo kéré sí afẹ́fẹ́) lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gbà pé afẹ́fẹ́ ń jò lè retí rẹ̀ títí.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ rí i dájú pé slow ga ní tòótọ́

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná títí fáànù rédíétọ̀ á fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì dáwọ́ dúró. Ẹ pa AC àti iná, ẹ jẹ́ kí sítíárìn wà ní tààrà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa dúró sáàárín 650 sí 850 rpm. 1200 sí 1500 nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù kì í ṣe àìsàn. A ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ́ńjìnì àti catalyst (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) lè tètè gbóná. Bátìrì tó ti rẹ̀ náà lè mú kí brain box fi kún slow, torí náà ẹ wọn iná rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́: nǹkan bíi 13.5 sí 14.7 V ló yẹ kẹ́ ẹ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo omi rédíétọ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀, tàbí tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ooru omi lè máa wọn afẹ́fẹ́ dípò omi, brain box á rò pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan ní fáàfù afẹ́fẹ́ tí omi gbígbóná ń tì pa. Àwọn náà kì í tì bí omi kò bá yí wọn ká. Àyẹ̀wò sẹ́ńsọ̀ yìí rọrùn gan-an: láàárọ̀ kùtùkùtù, kẹ́ ẹ tó ta ọkọ̀, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ fi scanner wo ooru omi àti ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ọkọ̀ tó sùn mọ́jú gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba hàn. Bí ìkan bá fi 28 °C hàn tí ìkejì ń sọ pé 5 °C, ẹ ti rí èyí tó ń purọ́. Bó bá jẹ́ mítà nìkan lẹ ní, ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ omi máa ń wà láàárín 2 sí 3 kΩ ní 20 °C, á sì já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 200 sí 350 Ω bí omi bá ti gbóná tó 80 sí 90 °C.

Ìgbésẹ̀ 2: ìlẹ̀kùn throttle fúnra rẹ̀

Lórí ọkọ̀ tó ń lo wáyà láti ẹsẹ̀, ó yẹ kí wáyà náà rọ̀ díẹ̀, bíi mìlímítà 1 sí 3, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tẹná. Ẹ wò ó bóyá kápẹ́ẹ̀tì ń ti pẹ́dà mọ́lẹ̀. Ẹ fọ ẹnu throttle, torí èédú dúdú àti ọ́ìlì máa ń kó yí etí ìlẹ̀kùn ká. Lórí ọkọ̀ tọ́bò, ó máa ń tètè kó ju ti ọkọ̀ lásán lọ nítorí ìkùukùu ọ́ìlì tó ń bá afẹ́fẹ́ rìn. Bí fáàfù slow bá wà lọ́tọ̀, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ títí á fi máa lọ tó máa ń bọ̀ láìlẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ throttle tó tì pa gbọ́dọ̀ fún yín ní nǹkan bíi 0.45 sí 0.9 V. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, brain box á rò pé ẹsẹ̀ ṣì wà lórí pẹ́dà, kò sì ní bá slow jà rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan sìkúrùù kékeré tó ń dá ìlẹ̀kùn dúró. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá yí i kí slow lè wálẹ̀ ti bo ihò mọ́lẹ̀, ó sì ti fi àṣìṣe kejì kún ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tún ọkọ̀ yẹn ṣe lẹ́yìn rẹ̀ á jìyà kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ ka nọ́ńbà kẹ́ ẹ tó tú nǹkan

Ọ̀pọ̀ scanner máa ń fi slow tí brain box fẹ́ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nílẹ̀. Nọ́ńbà méjì yìí níye lórí ju gbogbo ìyókù lọ. Bí brain box bá fẹ́ 1200, tí ẹ́ńjìnì sì wà lórí 1200, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń jò. Sẹ́ńsọ̀ kan, AC, tàbí bátìrì ló béèrè bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ 750 tí ẹ́ńjìnì wà lórí 1250, tó sì ti ti fáàfù slow tàbí ìlẹ̀kùn dé ibi tó lè tì í dé, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé láti ibi tí kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Kóòdù P0507 ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé jáde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo fuel trim (ìwọ̀n epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò), ti kúkúrú àti ti gígùn, kẹ́ ẹ ro méjèèjì pọ̀. Láàárín −5 sí +5 % dára. Ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí lórí slow sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹná dé 2500 rpm, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀ bíi ìṣẹ́jú kan. Lórí ọkọ̀ MAF, bó bá jẹ́ +18 % lórí slow, tó sì wálẹ̀ sí +3 % ní 2500, ihò wà lára manifold. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò kì í pọ̀ sí i bí èyí tó ń gba throttle ṣe ń pọ̀ sí i, torí náà ìpín rẹ̀ nínú gbogbo afẹ́fẹ́ ń kéré sí i. Bó bá jẹ́ pé +5 % ló wà lórí slow tó wá di +18 % lókè, ẹ fi ihò manifold sílẹ̀ ná. MAF tó dọ̀tí tàbí epo tí kò dé dáadáa ló máa ń hù bẹ́ẹ̀.

Lórí ọkọ̀ MAP, ẹ wo ìtẹ̀ manifold. Bó bá wà ní 45 sí 50 kPa nígbà tí slow ga, tí fuel trim sì wà ní odo tàbí ìtòsí rẹ̀, ẹ wá ihò.

Bí slow bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìdáwọ́ dúró, èyí ló ń ṣẹlẹ̀: brain box rí i pé ìlẹ̀kùn tì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbà pé ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láìtẹná, ó sì gé epo. rpm á já wálẹ̀, epo á padà, ihò á tún gbé e sókè. Ìwà yìí kì í ṣe ti plug tàbí kọ́ìlì, afẹ́fẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ 4: ojú, etí àti ọwọ́

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá nǹkan ń súfèé. Ẹ fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì rọ́bà kọ̀ọ̀kan, àgàgà ní abẹ́ rẹ̀ tí ojú kì í dé àti níbi tó ti tẹ̀. Họ́ọ̀sì tó ti rọ̀ bí ẹran nítorí ọ́ìlì, tàbí tó ti gan tó ń ṣẹ́, kò yẹ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí ọ́ìlì bá ti rin tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn lára páìpù tọ́bò, ihò tó ń tú afẹ́fẹ́ boost jáde wà níbẹ̀ tàbí nítòsí.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fura sí jù lọ nínú ọkọ̀ tọ́bò ni fáàfù PCV, èyí tó ń dá èéfín ikùn ẹ́ńjìnì padà. Ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí èéfín ikùn ẹ́ńjìnì ń gbà padà sí manifold. Ọkọ̀ tọ́bò ní méjì: lórí slow, èéfín ń lọ sí manifold, nígbà boost, fáàfù aláìpadà kan gbọ́dọ̀ tì kí boost má bàa rọ́ wọ ikùn ẹ́ńjìnì, èéfín á wá gba ẹnu tọ́bò. Bí rọ́bà inú PCV bá ya, manifold á máa fa afẹ́fẹ́ gba inú ihò rẹ̀. Ẹ yọ ìdérí ọ́ìlì lórí slow. Ìfà díẹ̀ tó ń fà á mọ́lẹ̀ kò burú. Bó bá le débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣí i, tàbí tí ẹ́ńjìnì bá ń kérora bíi fèrè tí ohùn náà sì dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣí ìdérí, PCV ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń tú jáde líle níbẹ̀, ọ̀nà PCV ti dí tàbí píísítìnì ti jẹ. Ẹ tètè wá a, torí ìtẹ̀ inú ikùn ẹ́ńjìnì ló ń ti seal jáde, òun náà ló ń dí ọ́ìlì tọ́bò lọ́wọ́ láti padà wálẹ̀.

Ẹ tún wo servo bíréèkì, èyí tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó kú, ẹ tẹ bíréèkì bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún títí á fi le, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ ta ọkọ̀: pẹ́dà gbọ́dọ̀ rì díẹ̀. Bí kò bá rì, tàbí tí slow bá yí padà gan-an nígbà tẹ́ ẹ tẹ ẹ́ tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ ṣìì nínú ọkọ̀, rọ́bà inú servo ti ya. Fáàfù purge tó ń gba afẹ́fẹ́ táńkì epo náà máa ń dúró ní ṣíṣí. Ẹ yọ họ́ọ̀sì tó ti ọ̀dọ̀ táńkì wá kúrò lára rẹ̀ lórí slow, kẹ́ ẹ fi ìka dí ẹnu fáàfù. Bó bá ń fà láìdáwọ́ dúró, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀. Bó bá ṣì ń fà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Fáàfù blow-off, èyí tó ń tú boost jáde nígbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, ní họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti manifold. Họ́ọ̀sì yẹn àti rọ́bà inú fáàfù lè gbé slow sókè bí wọ́n bá ya. Ẹ so páńpù vacuum ọwọ́ mọ́ ọn, ẹ fà á dé 15 sí 20 inHg, ó sì gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ láìsọ̀ kalẹ̀. T kékeré tí wọ́n fi so géèjì boost náà, àti rọ́bà òrùka injector (tó ń fọ́n epo), wà lára àwọn tí a máa ń gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ 5: ẹ fún họ́ọ̀sì pa lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ fi aṣọ wé ẹnu piláyà kó má bàa gé rọ́bà. Ẹ fún họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó ti ara manifold jáde pa fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Èyí tí slow bá wálẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fún un, ibẹ̀ ni ihò ń gbé. Lórí ọkọ̀ tí throttle rẹ̀ jẹ́ oníná, brain box lè tètè bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀. Dípò rpm, ẹ máa wo fuel trim kúkúrú àti ìdá tí throttle ṣí.

Àwọn kan máa ń fọ́n sípíréè tó ń jóná yí manifold ká. Lórí ọkọ̀ tọ́bò, ẹ má dán an wò. Àgbá tọ́bò àti páìpù èéfín rẹ̀ gbóná tó láti tan án, ẹnu manifold sì sábà máa ń wà nítòsí wọn. Omi lásán nínú ìgò afọ́nmi tó: ẹ fọ́n díẹ̀ sí etí gáskẹ́ẹ̀tì manifold àti ìdí injector, kẹ́ ẹ yẹra fún wáyà àti ibi gbígbóná. Bí omi bá dí ihò, slow á ta gọ́gọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: èéfín, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́

Èéfín ló dára jù fún slow tó ga. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi ẹ̀rọ èéfín sí họ́ọ̀sì servo bíréèkì, ẹ dí ẹnu ìpín kìíní, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ìtẹ̀ kọjá 1 psi. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó kún, kẹ́ ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹ wo abẹ́ manifold dáadáa.

Ìtẹ̀ 1 psi kò lè ṣí páìpù tó jẹ́ pé ìgbà boost nìkan ló ń la ẹnu. Fún irú èyí, afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ la ń lò. Ẹ wá ìdérí páìpù tó bá ẹnu họ́ọ̀sì tọ́bò mu, ẹ lu ihò sí i láàárín, kẹ́ ẹ fi ẹnu fáàfù táyà onínọ́ọ̀tì sí i. Ẹ dè é mọ́ ẹnu tọ́bò, lẹ́yìn MAF, kí ìtẹ̀ má bàa kan MAF. Ẹ dí ọ̀nà PCV tó wọ ẹnu tọ́bò, ẹ sì ṣí ìdérí ọ́ìlì sílẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní neutral pẹ̀lú bíréèkì ọwọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti odo lórí regulator (tó ń dín ìtẹ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀ kù), ẹ lọ díẹ̀díẹ̀ dé 5 psi, kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́. Ihò ńlá á ti ké níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lè lọ sí 10 tàbí 15 psi, ṣùgbọ́n ẹ má kọjá boost tí ọkọ̀ náà máa ń ṣe. Ẹ da omi ọṣẹ sí ẹnu kílíìpù kọ̀ọ̀kan, sí ẹ̀gbẹ́ intercooler àti sí ìdí throttle. Ẹ máa wo ibi tí ìfófòó ń yọ. Ẹ má dúró sí iwájú ìdérí yẹn, torí bó bá fò, ó lè ṣe yín léṣe. Ẹ dá regulator padà sí odo kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun.

Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń gba píísítìnì kọjá sí ìdérí ọ́ìlì kò ní kẹ́ ẹ yà lẹ́nu. Bó bá ń rọ́ jáde níbẹ̀, PCV ni. Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú sáìléńsà, fáàfù ẹ́ńjìnì kan ṣí sílẹ̀ nítorí ibi tí ẹ́ńjìnì dúró sí: ẹ tú ìtẹ̀ náà, ẹ fi sípánà yí crankshaft díẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹ nu ọ́ìlì kúrò ní ẹnu páìpù àti inú họ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó dè wọ́n. Kílíìpù tó dára jù lọ á yọ̀ lórí ọ́ìlì. Ẹ má fi agbára fún kílíìpù débi tí rọ́bà á fi gé. Ẹ pa fuel trim àtijọ́ rẹ́ pẹ̀lú scanner, kẹ́ ẹ kọ́ throttle ní slow tuntun bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe sọ, torí brain box ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú ihò.

Ẹ tún ka nọ́ńbà ìgbésẹ̀ 3. Slow tí brain box fẹ́ àti èyí tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé, fuel trim gbọ́dọ̀ padà sáàárín 5 % lọ́tùn-ún lósì, MAP sì gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀. Bí slow bá ti dára ṣùgbọ́n tí P0299 (àmì pé boost kò tó) ṣì ń padà wá nígbà tẹ́ ẹ bá tẹná, ihò kejì wà ní ìpín kejì: ẹ padà sí omi ọṣẹ. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 100, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ẹ tún fọwọ́ kan kílíìpù kọ̀ọ̀kan, nítorí rọ́bà tuntun máa ń rọ̀ lábẹ́ ooru, kílíìpù tó le lánàá lè ti tú díẹ̀.